Àyè Ẹkún Nínú Orin Ọ̀rẹ́ Mi

Oṣù kẹjọ ni àwọn ará Jàmáíkà àti àwọn ará Trinidad gba òmìnira, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń bí mi nínú láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Nínú gbogbo oṣù tí Ọlọ́run dá, oṣù tí ọwọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò ń jó ènìyàn ní Dubai ni wọ́n rí gba òmìnira. Mo bi ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ará Jàmáíkà pé ta ló yan irú oṣù bẹ́ẹ̀ fún wọn, ó ní kí n lọ bi àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí ooru yìí, wọn kì í lè ṣe ayẹyẹ náà ní ìta. Inú gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n máa ń ṣe é, amúlétutù ibẹ̀ á sì mú débi pé àwọn àgbà obìnrin wọn á da súwẹ́tà bo aṣọ tí wọ́n rán nítorí ọjọ́ náà.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Dubai Marina. Nọ́ọ̀sì ni, èmi ni mo wà nídìí oògùn. Sharjah, ìlú tó múlé ti Dubai, ni àwa méjèèjì ń gbé, èmi ní Al Majaz, òun níwájú díẹ̀, inú mọ́tò mi la sì jọ máa ń lọ, tí a jọ máa ń bọ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tó ti Sharjah lọ sí Dubai láàárọ̀ mọ̀ pé ènìyàn lè bímọ kó sì sọ ọ́ lórúkọ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ibẹ̀. Inú ìjókòó gígùn yẹn la ti di ọ̀rẹ́. Ó gbọ́ bí mo ṣe ń bá rédíò kọrin, ó ní ta ló kọ́ mi, mo ní ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìbàdàn ni, láti kékeré. Ó ní ó ti wá yé òun ìdí tí mo fi ń pariwo.

Ní àsìkò òtútù, òun ló mú mi lọ síbi àjọ̀dún règé kan tí wọ́n ṣe ní gbangba, lórí iyanrìn. Mo ráhùn lọ, mo ráhùn bọ̀. Ibi tí a gbé mọ́tò sí jìnnà débi pé bàtà mi já lọ́nà. Olórin tí wọ́n ní yóò bọ́ sórí pèpéle nírọ̀lẹ́ kò yọjú títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, ọkùnrin gíga kan sì lọ dúró síwájú mi, ó gbé ọmọ lé èjìká, n kò rí nǹkan kan mọ́ àfi ìdí ọmọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀, àyà mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí etí mi tó gbọ́. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́, mo ń mi orí. Ọ̀rẹ́ mi wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní khalas, ó ti parí, règé ti mú mi.

Nínú oṣù karùn-ún tó tẹ̀ lé e, ìyá rẹ̀ kú nílé. Visa rẹ̀ ti parí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún un ṣe ni, Emirates ID rẹ̀ kò tíì jáde, ọkọ̀ òfuurufú tó sì ń lọ sí ìlú wọn ní láti gba ìlú àwọn ẹlòmíràn kọjá, àwọn yẹn náà ń béèrè visa tiwọn. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ fi máa yanjú, wọ́n ti sin ìyá. Orí fóònù ló ti wo ìsìnkú náà, nínú yàrá tí a ń kó oògùn sí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń já lemọ́lemọ́ títí pásítọ̀ fi ṣe tán.

Ó sọ fún mi pé ní ìlú àwọn, bí ènìyàn bá kú, àwọn aládùúgbò á máa pé jọ sí ilé olóòkú ní alaalẹ́, wọ́n á máa kọrin, wọ́n á máa jẹ ẹja díndín, àwọn ọkùnrin á máa ta dòmínò, títí di òru kẹsàn-án tí wọ́n á fi kí òkú pé ó dìgbóṣe. Níbí, kò sí ẹni tó bá a ṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀. Èyí tó wá burú jù ni pé kò rí àyè sunkún. Bí ojú rẹ̀ bá ti ń fà ro báyìí, ẹnì kan á ti gbé omi wá, ẹlòmíràn á ti gbá a mọ́ra, ọ̀gá wa á ti ní, "Habibti, be strong." Gbogbo ènìyàn ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má sunkún, òun náà á sì nu ojú kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀.

Nígbà tí oṣù kẹjọ ń bọ̀, àwọn tó ń ṣètò ayẹyẹ ní kó wá kọrin. Orin ìsìn àtijọ́ kan ló mú, èyí tí ìyá rẹ̀ máa ń kọ láàárọ̀ ọjọ́ òmìnira bó bá ń so àsíá mọ́ ògiri ọgbà. Ẹgbẹ́ olórin wọn sọ ọ́ di règé tó rọra ń lọ. Wọ́n nílò elégbè mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì ti gba ìsinmi lọ sílé, ni ọ̀rẹ́ mi bá ní kí n wá dí àyè rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti bi í ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìgbáradì.

Sharjah Industrial Area ni, ní yàrá kan lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń kó táyà àlòkù sí. Kò sí amúlétutù. Fáànù kan wà tó ń fẹ́ ooru láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Ẹni tó ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ ni olórí ẹgbẹ́, àgbàlagbà ará Jàmáíkà kan tó jẹ́ olùkọ́ ní Dubai, ọkùnrin náà sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pa mí. Ọ̀rọ̀ náà ni "Dín in kù." Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí àyè bá ṣófo nínú orin, ojúṣe elégbè ni láti dí i. Aṣáájú kò tíì mí tán tí a ó ti da "yéè" sí i, tí a ó da "Olúwa o" sí i, tí ẹni tó ní ohùn òkè á gbé e lọ sí àjà. Lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí, bí mo bá ti fi "yéè" kékeré kan sí i báyìí, ọkùnrin náà á gbọ́wọ́ sókè, gbogbo ìlù á dákẹ́, á wá wò mí bí ẹni tó ń wo àlejò tó wọ yàrá tí wọn kò pè é sí.

"Arábìnrin," á ní, "ta ló bi ọ́ ní nǹkan níbẹ̀?"

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi ya wèrè. Èmi tí wọ́n ti fi jẹ aṣáájú ohùn kejì nígbà tí n kò tíì pé ogún ọdún, wọ́n wá ń kọ́ mi bí ènìyàn ṣe ń panu mọ́. Onílù wọn tó jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin ará Trinidad náà ń bá tirẹ̀ jà lápá kan. Orin tó yá ni wọ́n ń jó nílùú tiwọn, ìgbà tó bá sì ti gbàgbé ara rẹ̀ báyìí, orin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, olórí ẹgbẹ́ á tún gbọ́wọ́ sókè. Bí a ṣe ń làágùn nìyẹn lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀.

Níparí orin náà, ibì kan wà tí gbogbo ohùn àti gbogbo nǹkan yòókù á dákẹ́, tí á ku gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ àti ìlù nìkan, tí àwọn méjèèjì á máa yí lọ, tí wọ́n á máa yí bọ̀. Mo ní ṣé kí a má wulẹ̀ fi nǹkan díẹ̀ sí i níbẹ̀, ó gùn jù. Ọ̀rẹ́ mi fà mí jáde síbi àwọn táyà.

Ó ní, "Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ sunkún. Mo ti bá olórí ẹgbẹ́ sọ ọ́, wọ́n á máa lù ú lọ títí n ó fi gbórí sókè. Àwọn àgbà wa tó máa wà nínú gbọ̀ngàn mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi mí sílẹ̀. Ìwọ náà, má fọwọ́ kàn mí, má sọ pé pẹ̀lẹ́. Fi mí sílẹ̀."

Mo ṣèlérí fún un. Láti ọjọ́ náà n kò fi "yéè" kankan sí orin yẹn mọ́.

Ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ gan-an ni Àlhájà dé láti Èkó. Àlhájà ni àkọ́bí ìyá ọkọ mi. Bàtà ọmọdé ló máa ń wá kó ní ọjà Deira tó ń fi ránṣẹ́ sílé, ọ̀dọ̀ wa ló sì máa ń dé sí, yálà ọkọ mi wà nílé tàbí ó wà lórí omi níbi tí wọ́n ti ń wa epo. Orí omi ló wà lọ́tẹ̀ yìí. Ọjọ́ kejì tí Àlhájà dé, páálí bàtà ti gba pálọ̀ débi pé ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń rìn lọ sí kíṣìnì. Á pa amúlétutù, á ní ó ń wọ òun léegun. Á fi fóònù sí sípíkà, á máa bá gbogbo Èkó sọ̀rọ̀, gbogbo ilé tí a ń gbé á sì mọ ẹni tó jẹ Àlhájà ní owó àti ẹni tó fẹ́ gbéyàwó. N kò sì lè sọ̀rọ̀. Ìyàwó ni mí. Gbogbo ẹni tí wọ́n bí sílé ọkọ mi kí n tó wọlé wọn, ọkọ mi ni, títí kan ọmọ tó ń rá kòrò nígbà náà, Àlhájà sì ni olórí gbogbo wọn. Bó bá ní kí n jókòó, mà á jókòó, mà á tún ní ẹ ṣé, mà.

N kò gbèrò àtimú un lọ. Mo ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ dúdú, ewé àti ìyeyè, àwọ̀ àsíá Jàmáíkà, tí wọ́n pín fún àwa elégbè, mo ń wá bí mo ṣe máa gba ẹ̀yìn àwọn páálí jáde, ló bá rí mi.

"Ìyàwó wa, níbo lo fẹ́ lọ pẹ̀lú singlet yìí?"

"Àlhájà, T-shirt ni, mà. Àwọn ará Jamaica ń ṣe independence ní Dubai, mo fẹ́ lọ bá wọn kọrin."

"Independence! Ìwọ nìkan ló máa lọ represent wa? Wọn ò ní sọ pé o ò ní ẹbí ni? Dúró dè mí jàre."

Nígbà tó jáde, léèsì aláwọ̀ ewé ló wọ̀, ó wé gèlè funfun.

"Àlhájà, green-white-green ti Nigeria mà nìyẹn."

"Ṣé àwa ò gba independence ni? Independence ni independence. Yalla, jẹ́ ká máa lọ."

A kò tíì kúrò ní Al Majaz tó fi ní kí n yà sí Industrial Area fún five minutes, òun fẹ́ wo freezer tòkunbọ̀ kan. Ọ̀rẹ́ mi ti bá olórí ẹgbẹ́ lọ láti òwúrọ̀, wọ́n ti ń dán ohùn wò, fóònù mi sì ń dún. Mo dúró nínú oòrùn tí ń yan àgbárí mi, Àlhájà àti ọkùnrin ará Pakistan kan ń jà lórí freezer tí kò ní ìdérí.

"Bhai, last price?"

"Sister, khalas, this is last."

"Khalas kọ́, kalasi ni. Ìyàwó wa, sọ fún un pé mo ti ń ra ọjà ní Dubai kí wọ́n tó bí i."

Kò ra freezer náà.

Nígbà tí a wá bọ́ sójú ọ̀nà Dubai, mo gbìyànjú. Mo ní, "Àlhájà, ẹ jọ̀ọ́, mà. Ìyá ọ̀rẹ́ mi yìí kú ní May. Ó ní ibì kan nínú orin wa tó máa ti sunkún lónìí. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá òun dúró." Fóònù wà létí Àlhájà. Ó ní, "Hẹn, hẹn, mo ti gbọ́, mo ti gbọ́," ó sì sọ fún ẹni tó wà ní Èkó pé kó má kó bàtà pupa yẹn fún ẹnikẹ́ni. Mo di ọwọ́ ọkọ̀ mú gírígírí, mo ń wojú ọ̀nà.

Ní Marina, níbi tí hòtẹ́ẹ̀lì náà wà, kò sí ibi tí mọ́tò lè dúró sí. A yí ká títí. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọ́n ń béèrè ID, Àlhájà tó wá pẹ̀lú visit visa sì fi páṣípọ́ọ̀tù rẹ̀ sílé. Mo bẹ̀bẹ̀, Àlhájà súre fún ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn pé yóò bí ìbejì, ìyẹn rẹ́rìn-ín, ó jẹ́ ká wọlé. Wọ́n ti dán ohùn wò tán. Olórí ẹgbẹ́ kò bá mi wí, ó kàn wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo Àlhájà, ó tún wo aago.

Ètò náà fúnra rẹ̀ tún jẹ́ ìyà mìíràn. Àwọn ará Jàmáíkà àti àwọn ará Trinidad ti ń jiyàn láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan pé orin ìlú ta ni yóò gba àkókò jù, wọ́n ṣì ń jiyàn náà lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle. Wọ́n kọ orin orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ọkùnrin kan fi sùúrù gbogbo wa ṣeré pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìkíni. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, adìyẹ tí wọ́n fi ata àti ewé olóòórùn sun, àti ìrẹsì tí wọ́n fi ẹ̀wà pupa àti omi àgbọn sè. Láti ibi tí mo dúró sí lórí pèpéle ni mo ti ń gbọ́ Àlhájà. "Rice and beans? Gbogbo bí mo ṣe wé gèlè nìyí?" Ó jẹ àwo méjì.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe ọ̀rẹ́ mi.

Mo ti gbọ́ orin náà nínú ooru àwọn táyà yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, n kò gbọ́ ọ bí mo ṣe gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà rí. Ó rọra kọ ọ́, kò gbé ohùn sókè rárá. Àwa elégbè wọlé níbi tó yẹ, a jáde níbi tó yẹ. Àwọn àgbà obìnrin tó wọ súwẹ́tà fi ṣíbí sílẹ̀. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ohùn gbogbo wa dákẹ́, gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ àti ìlù nìkan ló kù. Ọ̀rẹ́ mi gbé máìkì sọ̀kalẹ̀. Ó tẹrí ba. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Kò sí ẹni tó mira. Àgbà obìnrin kan níwájú dijú, ó ń fi imú gbé orin náà kékeré, àwọn méjì mìíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n, bó ṣe sọ gan-an. Mo ní nínú ara mi pé ó ti bọ́ sí i, Ọlọ́run ṣeun.

Ni mo bá rí gèlè funfun tó dìde lẹ́yìn.

Mo mi orí fún un, n kò mọ̀ bóyá ó rí mi. Ó gba àárín tábìlì kọjá, ó ń sọ pé "excuse me, excuse me," ó gun pèpéle wá, ó sì gbá ọ̀rẹ́ mi mọ́ àyà. Máìkì wà láàárín àwọn méjèèjì, gbogbo gbọ̀ngàn sì ń gbọ́.

"Sorry, my sister. Sorry ehn. Ó tó, ó tó báyìí. Mummy, àbí? How old is Mummy?"

Ọ̀rẹ́ mi wò ó bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. "Eighty-one," ó ní.

"Eighty-one!" Àlhájà yọwọ́ lára rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Alhamdulillah!" Àwọn tó ń gbé oúnjẹ dáhùn láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, "Alhamdulillah!" Ó yíjú sí gbogbo èrò. "Na old mama o! Eighty-one! Nobody dey cry for this kind one, na dance we dey dance am!" Ó yíjú sí onílù. "Oga drummer, abeg, change am! Give us better one!"

Ọ̀dọ́kùnrin ará Trinidad yẹn tó ti ń wá bó ṣe máa sáré láti oṣù méjì wo olórí ẹgbẹ́. Olórí ẹgbẹ́ mi orí pé rárá. Ṣùgbọ́n èrò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, àwọn ará Trinidad ti dìde, ọwọ́ ọmọ náà sì ti sá lọ. Ìlù yá. Gìtá kò ní ibi tó fẹ́ gbà, ó tẹ̀ lé e. Àlhájà di ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́ mú, ó ń jó, ó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń dìde.

Ọ̀rẹ́ mi bojú wẹ̀yìn, ó wò mí. Mo mọ ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ mi, n kò sì lè ṣe é. Ṣé kí n fa ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sọ̀kalẹ̀ lójú gbogbo ayé? Inú bí mi débi pé ojú mi ṣú. Lẹ́yìn náà ó nu ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín irú èyí tó máa ń rín fún àwọn aláìsàn tó bá ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́, ó gbé máìkì sókè, ó sì fi ijó parí orin ìyá rẹ̀. Mo kọ ègbè mi. Kò sí àyè kankan tó ṣófo nínú rẹ̀ mọ́.

Gbogbo ènìyàn ló sọ pé ibẹ̀ ló dùn jù nínú ayẹyẹ ọdún náà. Wọ́n tò láti bá Àlhájà ya fọ́tò. Wọ́n ní bí àwọn ará Áfíríkà ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ayọ̀ lójú ikú. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣètò bi mí bóyá Àlhájà á wà níbí lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ní rárá, mo yára sọ ọ́. Olórí ẹgbẹ́ fi gìtá rẹ̀ sínú àpò, ó lọ bá ọ̀rẹ́ mi, ó di èjìká rẹ̀ mú fún ìgbà díẹ̀, ó sì lọ.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí a forí lé Sharjah. Àlhájà wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọ̀rẹ́ mi wà lẹ́yìn. A kò tíì rìn jìnnà tí mọ́tò fi dúró jọ gbalaja lójú ọ̀nà. Àlhájà ti fi fóònù sí sípíkà, ó ń ròyìn fún àbúrò rẹ̀ kan ní Èkó.

"Mo ní, mo gba stage yẹn lọ́wọ́ wọn! Wọ́n fẹ́ máa sunkún lórí old woman. Èmi ni mo tún gbogbo ẹ̀ ṣe."

Ọ̀rẹ́ mi kò gbọ́ Yorùbá. Ó ń wo ìta láti ojú fèrèsé. Ó rọra sọ fún mi, bí ẹni tó ń sọ ohun tó sọnù nínú báàgì, "Ibẹ̀ nìkan ni mo ní."

Mo wò ó nínú dígí. Ó ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ẹkún jẹ́jẹ́ tó ti ń sun lórí pèpéle. Ó ń fa èémí bí ẹni tí omi wọ̀ nímú, ó fi iwájú orí sí ẹ̀yìn ìjókòó Àlhájà.

Àlhájà yí padà. "Ah-ah! Again? My sister, I tell you say eighty-one! Ó tó, ó tó, má sunkún mọ́, God go…"

"Àlhájà, ẹ dákẹ́."

Ẹnu mi ló ti jáde. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi omi wẹ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, n kò sọ irú rẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú wọn rí, kódà sí àwọn tí mo jù lọ́jọ́ orí.

"Kí lo sọ?"

"Mo ní ẹ dákẹ́, mà. Ẹ jẹ́ kó sunkún. Mo sọ fún yín nínú mọ́tò yìí kan náà lọ́sàn-án yìí, ẹ ò gbọ́. Ìyá ẹ̀ ló kú. Ó lè jẹ́ eighty-one, ó lè jẹ́ two hundred, ìyá ẹ̀ ni."

Àbúrò rẹ̀ láti Èkó ń pè, "Àlhájà? Àlhájà, ta ló ní kí ẹ dákẹ́?" Àlhájà pa fóònù. Mo mọ̀ pé kí n tó délé, ọkọ mi á ti gbọ́ láàárín òkun. N kò sì fẹ́ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Inú ṣì ń bí mi.

Ọ̀rẹ́ mi sunkún. Ó pe ìyá rẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń pe ìyá láti inú yàrá kejì. Ọkùnrin kan nínú mọ́tò tó wà lápá ọ̀tún wa wò wá, mo wò ó padà títí ó fi mójú kúrò.

Ni Àlhájà bá la ẹnu. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé mo kọ́kọ́ rò pé ó ń gbàdúrà ni.

"Nígbà tí Màámi kú," ó ní, "wọ́n ní èmi ni àkọ́bí, èmi ni mo máa jó ṣáájú. Mo jó, ìyàwó wa. Ẹsẹ̀ mi wú. Bí mo bá ti fẹ́ ṣe báyìí, wọ́n á ní ó tó, ó tó, ṣé ọmọdé ló kú ni?"

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bojú. Nígbà tó yá, mo ń gbọ́ ẹkún méjì nínú mọ́tò mi, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àwọn mọ́tò iwájú ti sún, èmi kò sún. Ẹni tó wà lẹ́yìn wa tẹ fèrè mọ́lẹ̀, mo jẹ́ kó máa fun ún.